Ibi tí òfin ADA ò dé gan-an ni àwa ti máa ń pàdé

Ọ̀rọ̀ yìí gùn o, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á. Ẹni tó bá ń wakọ̀, kó jọ̀ọ́ páàkì ná.

Tó bá ti di oṣù Keje, àwọn ilé iṣẹ́ àti yunifásítì ní Amẹ́ríkà níbí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ dídùn jáde láti fi ṣèrántí Americans with Disabilities Act, òfin tí gbogbo èèyàn ń pè ní ADA. Ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 1990 ni Ààrẹ George H. W. Bush buwọ́ lù ú. Àwọn èèyàn wa náà máa ń pín in kiri, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú òfin yẹn tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni nínú wa mẹ́nu kàn, òun ló sì kàn wá jù. Apá kẹta òfin náà ló sọ pé ilé ìtajà, hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ, ọ́fíìsì dókítà àti irú wọn ò gbọ́dọ̀ ti aláàbọ̀ ara mọ́ta. Apá kẹta yẹn kan náà ló yọ àwọn ilé ìjọsìn sílẹ̀ pátápátá. Kò mú ṣọ́ọ̀ṣì, kò mú mọ́ṣáláṣí. Ó tún yọ private club sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan.

Ẹ wá ro ibi tí àwa Yorùbá ti máa ń rí ara wa ní orílẹ̀-èdè yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Sátidé. Òde ìkómọjáde, òde ìgbéyàwó, òde òkú tí wọ́n ti ṣe parí ní Èkó tí a tún wá ṣe tibí. Níbi iṣẹ́, òfin wà. Ní ìsọ̀ ńlá tí a ti ń ra ìrẹsì, òfin wà, ẹnu ọ̀nà á ṣí fúnra rẹ̀, páàkì aláàbọ̀ ara á wà nítòsí. Ibi tí wọ́n ti ń fi oríkì kí wa, tí a ti ń jẹ́ ọmọ ẹni tí a jẹ́, ibẹ̀ ni òfin ò dé. Ẹlòmíì á ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tiwọn kì í ṣe private club lójú òfin. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pe àwọn ará ìlú rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí pé kò sí ọ̀nà tí wheelchair lè gbà wọlé? Kò sí o. Á kàn jókòó sílé rẹ̀ ni.

Ohun tí mo ń sọ ni pé a ò gbọ́dọ̀ dúró de òfin kí á tó ṣe èyí. Kò sí òfin kankan tó ń bọ̀ wá bá wa níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Rárá. Kì í ṣe pé ìjọba Amẹ́ríkà kàn jí lọ́jọ́ kan tí àánú aláàbọ̀ ara ṣe é. Wọ́n jà á gbà ni. Ọdún 1973 ni wọ́n ti ṣe Rehabilitation Act, tí Section 504 inú rẹ̀ sọ pé ibi tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ yọ aláàbọ̀ ara sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko kọjá, wọn ò buwọ́ lu ìlànà tó máa jẹ́ kí òfin náà ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹrin 1977, àwọn aláàbọ̀ ara wọ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní San Francisco, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi sùn síbẹ̀, adití, afọ́jú, ẹni tó nílò kí ẹlòmíì gbé òun dìde. Judy Heumann, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ di ẹni tó ń lo wheelchair láti kékeré, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ṣé ẹ mọ àwọn tó ń gbé oúnjẹ gbígbóná wá fún wọn lójoojúmọ́? Black Panther Party ni. Ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wọn, Brad Lomax, tó ń lo wheelchair nítorí àrùn multiple sclerosis, wà nínú ilé náà pẹ̀lú wọn. Wọ́n buwọ́ lu ìlànà náà kí oṣù yẹn tó parí. Nígbà tó tún di ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 1990, tí ADA ń falẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin, àwọn bí 60 fi wheelchair àti ọ̀pá wọn sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, wọ́n rákò gun àtẹ̀gùn Capitol ní Washington. Ọmọ ọdún mẹ́jọ wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sọ́dọ̀ tiwa.

Bàbá kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, mi ò ní dárúkọ wọn. Glaucoma ló ń bá ojú wọn jà. (Àrùn yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wá ju láàárín àwọn òyìnbó lọ, kì í sábà dunni, díẹ̀díẹ̀ ló ń jí ojú gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò.) Bàbá wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé. Fóònù wọn ní VoiceOver, tó ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sí wọn létí, wọ́n sì yára lórí ẹ̀ ju èmi tí mò ń fi ojú wò lọ. Wọ́n ń gbọ́ ìròyìn lórí ẹ̀, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé, wọ́n ń bá àwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò lè kà ni ìkéde ẹgbẹ́ tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀, nítorí fláyà ni gbogbo rẹ̀. Ìpàdé mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn ni wọn ò wá. Níbi òde kan ni mo ti gbọ́ tí ẹnìkan ń wí pé, "Bàbá ti ń gbéra ga báyìí, látìgbà tí ọmọ wọn ti di dókítà." Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yí ibi ìpàdé padà ni, inú fláyà sì ni àdírẹ́sì tuntun wà!

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fóònù afọ́jú máa ń bá a "rí" nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Screen reader, ìyẹn ètò tó ń ka ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà sókè, ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ló lè kà. Àwòrán, àwòrán ni lójú tirẹ̀. Lóòótọ́ àwọn fóònù tuntun máa ń gbìyànjú láti yọ ọ̀rọ̀ jáde láti inú àwòrán, àmọ́ ẹ ẹ̀ rí irú fláyà wa ni? Lẹ́tà aláwọ̀ góòlù lórí aṣọ àlùkò, fọ́tò pásítọ̀ àti ìyàwó wọn láàárín, fọ́tò àlejò mẹ́fà lábẹ́, àkòrí tó ń jó bí iná. Ohun tó máa jáde níbẹ̀ á dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Tí ẹ bá tẹ ọjọ́, àkókò, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹni tí a máa pè sí abẹ́ fláyà yẹn, iṣẹ́ ti parí. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má yọ fláyà yín kúrò o, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí góòlù.

Àwọn lẹ́tà ológe tí ẹ máa ń lọ kọ́pì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, èyí tó dà bí ìkọ̀wé àwọn ọba ayé àtijọ́? Àmì ìṣirò ni kọ̀ǹpútà mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Screen reader lè máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àmì ìṣirò, ó sì lè fò wọ́n kọjá. Ẹ kí èèyàn kú ọdún, onítọ̀hún ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá sì to emoji àdúrà ogún sẹ́yìn ọ̀rọ̀, kó mọ̀ pé ẹ̀rọ mìíràn á pe orúkọ rẹ̀ ní ìgbà ogún kó tó dé orí gbólóhùn tó kàn.

Yorùbá wa náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ wo ẹ́ yìí: lẹ́tà ọ̀tọ̀, àmì ohùn ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà á sí, torí kò sí ojú kan ṣoṣo tí Unicode yà sọ́tọ̀ fún un. Tó bá tún jẹ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí fóònù, á máa ka Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Mo bi Bàbá léèrè bóyá kí á kúkú máa kọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé etí àwọn ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, pé Yorùbá tó dàrú sàn fún àwọn ju àwòrán tó dákẹ́ lọ.

Bákan náà ni ti etí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ máa ń kọ maikirofóònù, tí ẹ ní "ohùn mi lọ sókè, ẹ ò nílò ìyẹn," ẹ bá wa gbà á. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kò nílò ariwo yín. Ohùn tó mọ́ ló nílò. Lórí Zoom, ẹ tan captions, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lábẹ́ fídíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dàrú tí olùwàásù bá bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó wá já sí Yorùbá. Tí fídíò ìwàásù bá máa wà lórí YouTube títí láé, ẹ ní kí ọ̀dọ́ kan jókòó tún ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣe. Àwọn ọmọ wa tí ò gbọ́ Yorùbá dáadáa pàápàá á jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ní ti àwọn ibi tí òfin wà, ṣé a tilẹ̀ ń lò ó? Èyí ló ń dùn mí jù. Àwọn àgbà ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, kí á má fi àléébù ẹni ṣe ẹlẹ́yà. Àwa wá sọ ọ́ di pé a kì í sọ ọ́ rárá, oníka mẹ́sàn-án fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Mo mọ nọ́ọ̀sì tó ń fi ẹ̀yìn tó ń dùn ún gbé aláìsàn lóròòru, tí kò jẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jẹ́ lọ sí ọ́fíìsì disability services nítorí ẹ̀rù pé yunifásítì á kọ ọ́ sínú ìwé físà rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí òfin ń pè ní reasonable accommodation fún yín, ìyẹn àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu, bíi àga mìíràn, àkókò iṣẹ́ mìíràn, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kàwé sókè, àyàfi tí ìnira rẹ̀ bá pọ̀ kọjá agbára wọn. Kí wọ́n tó fún yín níṣẹ́, wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín bóyá ẹ ní àìlera kan. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ fìyà jẹ yín torí pé ẹ béèrè. Òfin yìí kò sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ni òun wà fún, kì í sì í ṣe owó ìrànwọ́ tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ìjọba. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ yín níbi iṣẹ́, ọjọ́ 180 lẹ ní láti fẹjọ́ sun EEOC, ó máa ń di 300 níbi tí ìpínlẹ̀ náà bá ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń mójú tó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jókòó máa retí kí ọ̀gá yí ọkàn padà títí àkókò á fi kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mú òbí yín ṣe ìdánwò citizenship: tí ọpọlọ ìyá bá ti ń gbàgbé tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò lè kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìtàn Amẹ́ríkà mọ́, fọ́ọ̀mù N-648 wà tí dókítà lè kọ kí wọ́n lè yọ wọ́n nínú ìdánwò yẹn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń gbé green card kiri ọdún púpọ̀ torí ẹ̀rù ìdánwò, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ẹ̀yin tí ilé ẹ̀kọ́ sì pè pé kí ọmọ yín wá fún àyẹ̀wò, ẹ má fi ìbínú kọ̀ pé "ọmọ mi ò ya wèrè." Òfin fún yín láyè láti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọmọ náà, tí Gẹ̀ẹ́sì wọn ò bá sì yé yín, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ sí i.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ náà wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ni a ò mọ̀. ADA National Network ní ibùdó mẹ́wàá káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n ń kọ́ni, wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, 1-800-949-4232. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní Assistive Technology program, níbi tí ẹ ti lè dán ẹ̀rọ wò, kí ẹ yá a lọ sílé kí ẹ tó fi owó yín rà á. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú tó sì ti pé ọdún 55, ètò kan wà fún un ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n á ti kọ́ ọ bí a ṣe ń dáná, bí a ṣe ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá funfun, bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, kò dìgbà tó bá ń wá iṣẹ́. Library of Congress ní ilé ìkàwé àwọn afọ́jú tó máa ń fi ìwé tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ ránṣẹ́ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. NVDA, tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà Windows sókè, ọ̀fẹ́ ni, afọ́jú méjì ní Ọsirélíà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló yẹ kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pe èèyàn wá bá wa sọ, kí a fi wákàtí kan nínú ìpàdé sílẹ̀ fún un. A ṣáà ń fi wákàtí méjì jiyàn lórí aṣọ ẹbí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo mọ̀ pé á bí àwọn kan nínú. Obìnrin kan tó ń lo wheelchair sọ fún mi pé òun ti ṣíwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá, òun ti ń lọ sí ti òyìnbó. Ó ní gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n ń tì òun lọ síwájú pẹpẹ fún ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ohun tí òun ń bẹ̀ wọ́n fún láti ọdún méjì ni kí wọ́n kó àga tí wọ́n tò dí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò. Mo gbà pé Ọlọ́run ń woni sàn. Ẹ gbàdúrà fún un tó bá ní kí ẹ gbàdúrà fún òun. Ṣùgbọ́n ẹ kó àga kúrò lọ́nà ná.

Owó ńkọ́? Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba owó lóòótọ́. Ògbufọ̀ èdè àmì kì í ṣe ọ̀fẹ́, ramp kì í ṣe ọ̀fẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń háyà gbọ̀ngàn fún òde, ẹni tó ni gbọ̀ngàn náà wà lábẹ́ ADA, kódà bí ẹ̀yin ò bá sí lábẹ́ rẹ̀, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó sanwó. Yinka Ayefele ti ń kọrin lórí wheelchair láti ìgbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i ní 1997. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nínú wa tí kò tíì jó sí orin rẹ̀. À ń fi orin rẹ̀ ṣe ìnáwó nínú gbọ̀ngàn tí òun fúnra rẹ̀ ò ní lè wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀.

Nílé náà ọ̀rọ̀ ń bẹ. Oṣù Kíní 2019 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà buwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011. Òfin Àbújá yẹn fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kíní 2024. Ó ní kí wọ́n yẹ pláànù ilé bẹ́ẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ́ ọ, ó sì fi owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà lé ilé iṣẹ́ tó bá ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, 100,000 náírà fún ẹnì kan tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín, pé ta ló ń tẹ̀lé e. Ẹ̀yin kẹ̀ẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń dáwó láti ibí kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, tí ẹ ń kọ́ event centre sí Ìbàdàn àti Oṣogbo, ẹ̀yin lẹ ni pláànù. Ẹ ní kí ayàwòrán ilé fi ramp sí i kí wọ́n tó da kọnkéré. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dà á tán, owó mìíràn nìyẹn.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí n wá ṣe wákàtí kan yẹn, mi ò ní gbowó, mo lè wá lórí Zoom tàbí kí n wakọ̀ wá tí kò bá jìnnà jù. Sátidé ni mo máa ń ráyè. Tí ẹ bá ní fláyà òde tó ń bọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí inbox mi, mo máa bá yín tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Ẹ má gbàgbé láti kọ ẹnu ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn sí i.